Kọ̀ǹpútà Ní Mo Ti Kú

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má ka orúkọ mi. "Sójà" tí àdúgbò ń pè mí ti tó.

Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo jagun, mo bọ̀, mo gbéyàwó, a bí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, èmi ni mo sì kọ ètò tó ń tọ́jú orúkọ àwa ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní ọsibítù wa. Èmi náà ni mo pàṣẹ fún un pé ẹni tí kò bá wá tẹ̀ka fún ọdún méjì, kó kọ "olóògbé" sí i. Mo ní, ta ló máa wà láàyè tí kò ní wá?

Ó ti lé lọ́dún méjì tí ìyàwó mi ti kú. Mi ò sunkún. Àwọn ọmọ ní mo ṣọkàn akin. Irọ́ ni. Mo wá inú ara mi títí, mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò jáde mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo bá lọ sí ọsibítù. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò mí, ó tún wo ẹ̀rọ.

"Bàbá, ẹ má bínú o, wọ́n ní ẹ ti kú."

"Ẹ̀rọ yẹn kò ṣàṣìṣe, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú ẹni tó máa jẹ́rìí pé mo wà láàyè wá.

Àkọ́bí mi ní òun á tẹ̀lé mi lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: bí wọ́n bá bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé mo wà láàyè, kí ni kó sọ?