Àwọn Ọmọ Tí Mi Ò Fẹ́ Nàka Sí

Emure-Ilé,
Oṣù Kẹwàá, 1991

Fúnmiọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún bàbá rẹ ti ń fúyẹ́ látìgbà tó ti ń lo oògùn tí wọ́n fún un ní Ọ̀wọ̀. Iṣu wa ta dáadáa.

Kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ fi kí wa dé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ kò yé mi. Òun ló gbé mi dé kíláàsì àgbà tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ní 'this' ni ti ohun tó wà nítòsí, 'that' ni ti èyí tó jìnnà. Ó wá ní kí n nàka sí Bàbá Ìjọ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kí n ní 'that man'. Ṣé èmi ni mo máa nàka sí àgbà? Mo rìn lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀, mo ní, "This man." Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní mo gbà á, torí mo ti dé tòsí.

Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ó ti sú mi láti máa nàka sí àwọn ọmọ rẹ nínú fọ́tò. Jọ̀wọ́, kó wọn wálé lọ́dún Kérésì. Ọlọ́run á sìn yín délé láyọ̀.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ìjọ ni ẹsẹ̀ mi lè gbé mi dé, kò lè gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù.

Èmi ìyá rẹ