Ìwé Àlọ àti Àbọ̀ Bàbá Wa

Ilé Kẹrìnlá, ‘K’ Close,
23 Road,
Festac Town, Èkó.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2006.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀dá Ezra,

Mo kí yín o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé òtútù Leeds ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jà? Ìyàwó yín ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle àti ọkàn tó fúyẹ́, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò fúyẹ́. Ní tèmi, ara mi le. Ara Bàbá náà le ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ má bínú sí mi. Lórí fóònù, bí mo bá ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí gan-an, ẹ̀yin a ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Bébà ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó, kí ẹ kà á tán.

Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí Màmá ti jáde lọ síbi ìkómọjáde ní Ijegun-Egba lọ́dún 2002, tí mọ́tò gbá wọn tí wọn ò padà wálé mọ́, ni kọ́kọ́rọ́ géètì àti ti ilẹ̀kùn ti wà lọ́rùn Bàbá. Ohun tí n kò sọ fún yín rí ni ìwé tí wọ́n ń kọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣe gáàdì nínú rélùwéè, tí wọ́n ń kọ àkókò tí ọkọ̀ kúrò ní ìdíkọ̀ kan àti àkókò tó dé òmíràn. Ó dára, èmi ni ọkọ̀ báyìí. Bí mo bá ń lọ ra tòmátì ní Agboju, wọ́n á wo agogo ọwọ́ wọn, wọ́n á kọ ọ́. Bí mo bá dé, wọ́n á tún kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan mo yọjú wo ojú ewé kan, mo bá a níbẹ̀ pé: “Tẹjúmádé, Agboju. Ó lọ 9:10. Ó dé 10:52. Ó pẹ́ ní ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ìdí: ó ní tòmátì wọ́n.” Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́rin rèé, ẹ̀rín ti tán, omi ojú nìkan ló kù.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ báyìí, géètì ti pa nìyẹn. Mo ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ìdánrawò wọn kì í tán kí ó tó di aago méje. Ọlákìtán tí ẹ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́sí, ó ní òun ò lè máa fẹ́ obìnrin tó ń bẹ̀rù pé òun máa lẹ́ẹ̀tì bíi rélùwéè. Ó ti gbé ẹlòmíràn níyàwó, Ọlọ́run á bá wọn gbé e ró. Bí mo bá sì sọ fún Bàbá pé ó tó gẹ́ẹ́, wọn kì í bínú, ojú wọn ló máa ń pọ́n bíi ti ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì lè wo ojú yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ìròyìn tí mo fi pamọ́ fún gbogbo èèyàn wá nìyí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí kan ní Iléṣà ti gbà mí. Ìgbà kẹta rèé tí mo máa yege. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà wọ́n ya. Wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé mo máa pé ọgbọ̀n ní oṣù Kejìlá. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ni ìwọlé. Inú àpò ìrẹsì ni mo fi lẹ́tà náà pamọ́ sí, nítorí Bàbá kì í dé ibẹ̀. Bí eléyìí bá tún lọ, ó lọ nìyẹn.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn kí Àǹtí Dorothy, àbúrò Màmá, tó wá láti Kuje nítòsí wa níbí, tí wọ́n ní kí a gbé Bàbá jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn lára. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rélùwéè kan ti kó àwọn nǹkan àtijọ́ wọn jọ sínú ilé kékeré kan ní Ẹbúté-Mẹ́tta fún àwọn èèyàn láti máa wò. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù tó kọjá ni a lọ, lẹ́yìn tí wọ́n parí ìmọ́tótó àyíká. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n so táì dúdú mọ́ ọn. Àǹtí Dorothy wà nídìí ọkọ̀, ọmọ wọn Àdúràolúwa, ọmọ ọdún mẹ́fà, jókòó tì mí lẹ́yìn. Kí a tó kúrò lẹ́nu géètì, Bàbá ti yọ ìwé wọn: “Èrò mẹ́rin. Ó lọ 10:35.”

Ilé náà ò tóbi ju pálọ̀ méjì lọ. Fìtílà onígíláàsì pupa àti aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, fèrè, fìlà òṣìṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì páálí tín-tìn-tín. Bàbá ń tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan, ohùn wọn ń ga sí i. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, inú mi dùn, ó sì tún bà jẹ́. Alájì Rùfáì tó ń tọ́jú ibẹ̀ mú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n gbé kóòṣì gáàdì kan kalẹ̀ sí, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ pátápátá. Wọ́n ṣí i fún wa, wọ́n ní kí a máa wò ó, àwọn ń lọ kí ìrun àílà.

Bí gbogbo wa ṣe wọlé tán ni Àdúràolúwa fa ilẹ̀kùn. Gbàgà! Mo tì í, kò mì. Mo wá ọwọ́ ilẹ̀kùn títí, pákó lásán ni, kò sí nǹkan kan nínú tí èèyàn lè dì mú. Gíláàsì wíńdò rẹ̀ náà ti pa dè. A ní fóònù, àmọ́ nọ́ńbà ta ni a fẹ́ pè? Oòrùn ń pa òrùlé páànù náà, inú ibẹ̀ gbóná bí ìdí ààrò. Àǹtí Dorothy ń pariwo “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” wọ́n sì ń fi bàtà gbá ilẹ̀kùn. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọmọ. Ẹnikẹ́ni ò dá wa lóhùn.

Bàbá ńkọ́? Wọ́n jókòó sórí àga gáàdì tó wà ní kọ̀rọ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, wọ́n ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀rín yẹn ló tán mi ní sùúrù, Bọ̀dá Ezra. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Mo ní, “Dádì, ó ti sú mi! Ní Festac, ilẹ̀kùn. Ẹ gbé mi jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn! Mo ti gba admission sí Iléṣà, mo fẹ́ lọ, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá.” Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Bàbá dìde. Wọ́n ní, “Ṣé ọwọ́ ilẹ̀kùn lẹ̀ ń wá? Ìta ló wà.” Awọ kan wà lábẹ́ wíńdò náà tó rọ̀ sílẹ̀ bíi bẹ́líìtì, mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo rò pé ó já ni. Wọ́n fà á, wọ́n jù ú sílẹ̀, gíláàsì náà sì wọlẹ̀ lọ. Wọ́n na ọwọ́ síta dé èjìká, wọ́n yí nǹkan kan, ilẹ̀kùn sì ṣí. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju àkókò tí èèyàn fi ń sín lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Àǹtí Dorothy ní, “Háà, Dádì Ezra! Ogójì ìṣẹ́jú! Ẹ mọ̀ ọ́n ṣí, ẹ wá jókòó tí ẹ̀ ń wò wá níran?” Bàbá ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Ìyá Ezra ti lọ, òní ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo àwọn tó ṣẹ́ kù sí àwọn lọ́wọ́ ní Èkó wà níbi kan, tí àwọn ò ní láti máa wo agogo.

Nígbà tí Àǹtí gbé ọmọ lọ tọ̀, èmi àti Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòṣì náà. Wọ́n sọ ohun kan fún mi tí wọn ò sọ rí. Wọ́n ní oorun ni àwọn ń sùn nígbà tí Màmá jáde lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní àgọ́ wọn, tí wọ́n bi àwọn pé aago mélòó ni ìyàwó yín kúrò nílé, àwọn ò mọ̀ ọ́n. “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Tẹjú. Mi ò kọ ti ìyá rẹ.” Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni Iléṣà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n sì dìde.

A délé ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Nígbà tó di aago mẹ́fà, mo gbọ́ tí wọ́n ti géètì pa bí ìṣe wọn. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ Àìkú, bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ Ajé. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ mi ti dà sílẹ̀ bí omi. Àfi lọ́jọ́bọ̀ tí mò ń wá ìṣáná, tí mo rí ìwé náà ní ṣíṣí lórí tábìlì: “Tẹjúmádé. Festac sí Iléṣà. Ó lọ: ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, 6:30 àárọ̀. Ó dé: ìgbà Kérésì, bó bá rọrùn fún un.”

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn wọn o. Àǹtí Dorothy ti ṣètò yàrá kan sílẹ̀ fún wọn ní Kuje. Bàbá ní àwọn á lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n gáàdì kì í sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé gáàdì mìíràn ti dé láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àkọ́bí àwọn ni àwọn máa fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo mọ ara mi, Bọ̀dá Ezra. Bí mo bá gbé báàgì jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí mo rí i pé Bàbá nìkan ló dúró lẹ́nu géètì, mo máa gbé báàgì náà padà sínú yàrá ni.

Ọdọọdún lẹ̀ ń sọ pé kí n fara dà á, pé ẹ̀ ń bọ̀ ní Kérésì. Mo ti fara dà á. Mi ò tọrọ owó, mi ò sì tọrọ bàtà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mò ń tọrọ, kí ẹ wálé kó tó di ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá. Ẹ dárí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá le ju bó ṣe yẹ kí àbúrò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

Ọlọ́run tó sìn yín lọ yóò sìn yín bọ̀. Kò ní rẹ̀ yín, ọ̀nà kò ní dí mọ́ yín, ẹ kò ní bá ilé ní òfìfo. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí yín nínú géètì,

Tẹjúmádé.

Mo tún rántí: Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé pa ni Bàbá pè mí pé ṣé Ezra ni mò ń kọ ìwé sí. Wọ́n fi ìlà tó wà lábẹ́ tèmi hàn mí. “Ezra. Festac sí Leeds, àlọ àti àbọ̀. Ó lọ: ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 1999, 5:40 ìrọ̀lẹ́. Ó dé:” Wọn ò kọ nǹkan kan síwájú ìyẹn. Wọ́n mú bírò dání, wọ́n ní kí n bá àwọn bi yín, kí ni kí àwọn kọ síbẹ̀.