Agbẹ̀bí Tó Gbé Ìbímọ Kúrò Lókè Kẹta

Ọdún 1939 ni wọ́n bí Màmá wa, agbẹ̀bí-má-sinmi, a-gba-tìyá-gba-tọmọ, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn, aránṣọ. Káfíńtà ni bàbá wọn, ọmọ káfíńtà. Inú ilé ni wọ́n ti kọ́ wọn ní ìwé àti àdúrà kí wọ́n tó lọ sílé ẹ̀kọ́.

Lọ́dún 1961, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí. Lọ́dún 1963, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, atẹ̀wé tí kì í jiyàn. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí iyàn Màmá tó ti ẹni méjì.

Lọ́dún 1974, ilé ìwòsàn ìlú, níbi tí Màmá ti ń gbẹ̀bí, kọ́ ilé tuntun. Àwọn tó ya àwòrán rẹ̀, tí ẹnì kankan nínú wọn kò rọbí rí, fi yàrá ìgbẹ̀bí sí òkè kẹta, wọ́n fi ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà sísàlẹ̀ kí àlejò lè tètè rí i. Oṣù mélòó kan ni lífìtì fi ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ni aboyún fi ń gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Màmá kọ lẹ́tà mọ́kànlélógún, Bàbá ń tẹ̀ ẹ́. Èsì kan náà ni: "A ń wò ó." Lọ́dún 1981, ìgbìmọ̀ kan wá wò ó lóòótọ́. Alága wọn gùn ún dé òkè kejì, ó jókòó, ó bèèrè omi, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtẹ̀gùn náà lágbára.

Lọ́dún 1986, obìnrin kan bímọ sórí àtẹ̀gùn. Màmá kúnlẹ̀ gba ọmọ náà. Tìyá tọmọ yè.

Ọ̀gá àgbà ní, "Màmá, ikú tí ì bá pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká máa dúpẹ́ ni."

Màmá ní, "Mo dúpẹ́, Ọ̀gá. Fìlà mélòó ló wá kù?"

Nígbà tí ọ̀gá lọ fún ìsinmi, Màmá àti nọ́ọ̀sì mẹ́rin tú ibùsùn ìgbẹ̀bí, wọ́n rù ú wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì kó tábìlì àti fáìlì rẹ̀ lọ sókè. Ọ̀gá dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá ẹni tó ń rọbí.

"Màmá, iṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Ó wà lókè, Ọ̀gá. Fáìlì kì í rọbí."

Wọ́n fún Màmá ní ìwé ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n aboyún ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Ta ni yóò gbé ibùsùn náà padà? Ọdún mọ́kànlá ni aboyún fi gun àtẹ̀gùn yẹn. Ọ̀gá gùn ún fún ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, wọ́n tún lífìtì ṣe.

Nínú ìjọ, Màmá ló ń ṣáájú àdúrà àwọn obìnrin. Màmá a máa ní Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀, ó ku tàwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́dún 1995, wọ́n sì sùn nínú Olúwa lọ́dún 2021. Ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n fi sáyé lọ. Mẹ́fà nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà, yàrá ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n bí wọn sí.

Ẹ sùn re, Màmá. Ọwọ́ yín ló kọ́kọ́ gba ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí. Kí ọwọ́ Olúwa gbà yín.