Igbe Ìyá Wà Nínú Fóònù Gbogbo Ayé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọdún ti yípo lórí yín. A ti ká kajú, a ti tà á, iṣu tuntun náà sì ti jáde ní Manigri. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ bo àwo mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù sókè níbi oúnjẹ. Àṣà yín yẹn máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀, torí kò sí fọ́tò kan ṣoṣo tí a ti jọ ń jẹun. Ní báyìí mo ti rí i pé ẹ̀yin lẹ jàre.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún nílé. Ní ọjọ́ tí a sin yín, nígbà tí àwọn ọkùnrin fẹ́ gbé yín jáde, Ìyá di aṣọ tí a fi bò yín mú, wọ́n sì figbe ta pé kí àwọn ọkùnrin náà jọ̀ọ́, kí wọ́n má tíì gbé yín lọ. Ẹnì kan ń ya fídíò nítorí àwọn ará wa ní Kutọnu tí kò lè tètè dé. N kò bínú sí onítọ̀hún. Àmọ́ fídíò náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ẹnì kan tí n kò mọ̀ fi gé igbe Ìyá yọ, tó sì fi í sórí fídíò ewúrẹ́ kan tí wọ́n ń gba iṣu lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ bí nǹkan ẹ̀rín orí fóònù ṣe rí. Ọ̀kan á dé, gbogbo èèyàn á máa fi ránṣẹ́ síra wọn, kò ní pẹ́ tí yóò sú wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá arúgbó kan tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ ló gbòde. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọwọ́ kan tó di ojú nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un lóògùn. Ta ló tún ń rántí wọn? Mo ń retí kí ti Ìyá náà kọjá bẹ́ẹ̀, kò kọjá. Nígbà kajú, wọ́n fi í sórí ọkọ̀ àwọn oníṣòwò tó ń kó àpò lọ. Nígbà tí èsì ìdánwò bákì jáde, wọ́n fi í sórí àwọn ọmọ tó fìdí rẹmi. Wọ́n tún fi í sórí oní-zémì kan tí àgbàrá gbé ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Àwọn tí kò gbọ́ èdè wa rárá kọ Faransé sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tiwọn. Ọ̀kan tiẹ̀ pa èmi gan-an lẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀ pé mo ti ń rẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù náà, mo sì sunkún.

Mo kọ ọ́ sí abẹ́ ọ̀kan pé ìyá mi nìyí, pé bàbá mi ni wọ́n ń gbé lọ. Àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n fi dá mi lóhùn, rẹpẹtẹ. Wọ́n rò pé èmi náà ń ṣeré ni. Ẹ mọ ẹnu mi, Bàbá. Mo bú wọn títí mẹ́gà íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo rà fi tán. Ṣé igbe náà ń dé ọ̀dọ̀ yín? Ṣé kò jẹ́ kí ẹ sinmi?

Ìyá kò mọ̀ rárá, ohun tí mo sì ń bẹ̀rù jù lọ ni kí wọ́n mọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, wọn kò dé ilé ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà ṣe ìsọmọlórúkọ, ì báà ṣe ọ̀fọ̀. Iwájú ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n ní àwọn kò rántí ohunkóhun nípa ọjọ́ ìsìnkú yín. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Bassila pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣí fídíò náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò kìlọ̀ fún oníbàárà?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n bá wọn dín bùbá wọn kù, torí wọ́n ti rù. Oníbàárà kan tó ń dúró de aṣọ rẹ̀ ṣí fóònù, igbe náà sì jáde. Mo dá ẹ̀rọ dúró. Ìyá gbé orí sókè.

“Ta ló kú?”

Obìnrin náà ní kò sẹ́ni tó kú, pé ẹ̀rín lásán ni. Ìyá wò ó bí ẹni tí a kò kọ́ nílé.

“Ẹ̀rín kẹ̀? Ọkọ obìnrin tó ń ké yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ṣé kò lẹ́nìkan ni?”

Bàbá, Ìyá kò dá ohùn ara wọn mọ̀.

Wọ́n ní kí n wádìí ilé obìnrin inú fóònù náà, pé àwọn fẹ́ lọ bá a jókòó, pé ẹni tó ń ké báyẹn kò yẹ kó dá wà. Wọ́n ti fọ gèlè funfun wọn. Wọ́n ti ṣa iṣu tó dára jù sọ́tọ̀ fún un. Àràárọ̀ ni wọ́n ń pè mí bóyá mo ti rí ilé náà, ohùn wọn sì le koko bíi ti àtijọ́. Bí mo bá ní n kò rí i, iwájú ilẹ̀kùn ni wọ́n ń padà sí. Bí mo bá sọ òótọ́, ojú wo ni wọn yóò fi máa wo àwọn èèyàn ní ọjà?

Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú iṣu náà. Bàbá mi, ilé ta ni kí n mú wọn lọ?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹnu rẹ̀ wọ̀ lónìí.