Katakata Tí Yóò Gba Ọ̀nà Agbo-ilé Wa Wọlé

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tábìlì ìdáná ni mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú àdúà lórí gbogbo wa. Bọ̀dá Mùfú, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹ kú làálàá o. Mo kí Mọ́gàjí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo kí tọmọdé tàgbà agbo-ilé wa ní Bẹẹrẹ, mo sì kí ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí láìmọ̀ wá rí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ní àṣírí nínú, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta gbangba. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà lókè òkun ló ń wá irú katakata tí àwọn lè rà fún bàbá tó jẹ́ àgbẹ̀ nílé. Bóyá wàhálà tiwa á dín tiwọn kù.

Alááfíà ni mo wà. Òtútù Kánádà ti ń palẹ̀ mọ́. Yìnyín tó bo oko ápù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti yọ́ tán, ẹrẹ̀ ló kù. Ẹrẹ̀ ọ̀hún gba bàtà mi kan lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò sì tíì rí i títí di òní. Ìyá àgbà kan tí à ń pè ní Ìyáàfin Hẹ́lẹ́nì ló ni oko náà. Orí katakata kékeré ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀, tí mo ń gé koríko láàrin igi, tí mo ń fa ẹrù, tí mo ń tú ilẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n kàwé kí n má baà fi oko jìyà. Mo kàwé o, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo wá wọ ọkọ̀ òfuurufú rékọjá òkun lọ di àgbẹ̀. Ẹ ti rín in tó, ẹ jọ̀ọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí níbí ni àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń bá igi ápù sọ Yorùbá. Mo tilẹ̀ ti sọ ọ̀kan nínú wọn ní Ràímì, orúkọ aládùúgbò wa, torí pé bí mo bá kí òun náà, kì í dáhùn.

Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbá yín ní Oríta-mẹ́rin tí ẹsẹ̀ òsì yín kò ti fẹ́ gbọ́ràn mọ́, ọkọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín, ilẹ̀ wa ní abà sì ti di igbó. Mọ́gàjí ti sọ ọ́ nípàdé ẹbí pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé tí kò sí ẹni tó ń dáko níbẹ̀, wọ́n á gé e sí pulọ́ọ̀tì, wọ́n á tà á. N kò bá Mọ́gàjí jà, nítorí ìgbà tí ilẹ̀ bá ti wà lásán, ẹnu àwọn tó fẹ́ rà á kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Bí ilẹ̀ yẹn bá lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ ó máa wà láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹ ó máa wo mọ́tò tó ń gun òkè Mápó. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè sùn dáadáa. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ náà wà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín padà síbẹ̀.

Bọ̀dá Mùfú ló kọ́kọ́ rí katakata kan, ràgàjì aláwọ̀ búlúù tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju èèyàn lọ. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n na àyà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè. Wọ́n ní ọjọ́ kan péré ló máa fi tú gbogbo ilẹ̀ wa, àti pé kékeré tí mo ń wí, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Mo ní kí wọ́n má bínú, oko wa kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pẹ àti obì ló kún inú rẹ̀, ẹ sì mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹbí, kí igi orí rẹ̀ ní olówó ọ̀tọ̀. Igi obì ẹ̀bá odò, ti Àǹtí Ràbí ni, bàbá wọn ló gbìn ín nítorí wọn. Ẹni tó bá fi ràgàjì yẹn wó o lulẹ̀, yóò rò ó fún Àǹtí Ràbí dọ́jọ́ alẹ́. Mo wá bẹ̀ yín, Bàbá, pé kí ẹ ní kí wọ́n bá mi wọn ibi tó fún jù láàrin igi méjì lóko, kí n lè mọ bí katakata tí mo máa rà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó.

Ẹ pè mí lọ́jọ́ kejì, ẹ ní ẹ ti fúnra yín wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá ìtilẹ̀ yín lẹ fi wọ̀n ọ́n, a sì tún ní láti wá bí ọ̀pá náà ṣe gùn tó. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ẹnu yà mí, mo ń bi ara mi léèrè pé ọ̀pẹ wo ló fún mọ́ra báyìí lóko wa. Ìyá ló gba fóònù, ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n tètè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ kò dé tòsí abà rárá. Ọ̀nà tóóró tó gba àárín ògiri méjì wọ iwájú ilé wa ní Bẹẹrẹ lẹ lọ wọ̀n!

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹ ní kí n sọ ohun kan tí wọ́n rà nílé wa tó gba ọjà lọ sóko láìkọ́kọ́ wálé kí àwọn àgbà ṣàdúà sí i. Ẹ ní kẹ̀kẹ́ ológeere yín wálé, ẹ̀rọ ọlọ Ìyá náà wálé. Bọ̀dá Mùfú dábàá pé kí wọ́n gbé e dúró sójú títì, kí Alfa wá bá a níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ojú títì ni wọ́n ti sọ àwọn náà lórúkọ. Bí ràgàjì búlúù ṣe bá tiẹ̀ lọ nìyẹn. Èyí tó bá gba ọ̀nà agbo-ilé wa wọlé, kò sí ọ̀pẹ tí kò ní lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹ ṣeun, àṣìwọ̀n yín ló tọ́nà.

Ní ti àwọn ohun tí a ó so mọ́ ọn, mẹ́ta ni mo mú. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ń gé igbó, torí iṣẹ́ tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ nìyẹn. Èkejì ni èyí tí ń tú ilẹ̀ tó sì ń kọ ọ́ sí poro. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ebè ni iṣu ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa á fi ọkọ́ kọ ebè iṣu níwọ̀nba, kí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo gba orí poro. Ẹ̀kẹta ni kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn tí a ó fi máa kó ẹ̀gẹ́ jáde. Bọ̀dá Mùfú tún fẹ́ garawa ńlá iwájú tí ń kó yẹ̀pẹ̀, kí wọ́n lè máa fi í yá àwọn bíríkìlà. Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Bí a bá jẹ́ kó bá bíríkìlà rìn, òjò á dé bá a lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà. Ohun kan tún wà: irin kan ń yí lẹ́yìn katakata náà láti fún àwọn nǹkan wọ̀nyí lágbára, kò sì mọ alhájì yàtọ̀. Bàbá, ẹ má ṣe wọ agbádá sún mọ́ ọn láéláé. Bùbá àti ṣòkòtò ti tó.

Ó wá ku ọ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo àríyànjiyàn yìí, ẹ pè mí pé ẹ kàn fẹ́ kí mi. Ẹ béèrè òtútù, ẹ béèrè iṣẹ́, kí ẹ tó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ó ní kílọ́ọ̀ṣì. Kí n tó fèsì, ẹ ti ní kò burú, pé a lè gba dírẹ́bà, ẹ̀yin á máa jókòó sábẹ́ igi wò ó. Mo ní kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n nígbà tí a parí ọ̀rọ̀ tán, mo sunkún. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Ọkùnrin tó ń ta katakata níbí ní èyí tó ní jíà àti kílọ́ọ̀ṣì lágbára jù, pé òun ni kí n mú. Mo fi í sílẹ̀. Aláwọ̀ ọsàn kan wà tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àfi ìgbà tí mo gùn ún tí mo rí i pé apá òsì ni bíréèkì rẹ̀ wà. Mo sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí mo wá mú, aláwọ̀ pupa ni, àlòkù ni, kò sì rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ síwájú, òun náà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, apá ọ̀tún ni bíréèkì rẹ̀ wà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ga.

Ìyáàfin Hẹ́lẹ́nì gbà kí n gbé e wá sóko wọn dán wò. Mo fi ìborùn mi di ẹsẹ̀ òsì mi mọ́ ìdí àga, mo sì ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gé koríko, mo tú ilẹ̀, mo fa ẹrù, mo fi ẹ̀yìn rìn láàrin igi ápù, n kò sì fara kan Ràímì pàápàá. Ìyáàfin Hẹ́lẹ́nì sáré wá, wọ́n béèrè pé ṣé mo ti fara pa lẹ́sẹ̀ ni. Mo ní kì í ṣe ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ bàbá mi ni.

Ó ti wọnú kọ̀ńténà, ó ń bọ̀. Ẹ má gba dírẹ́bà kankan. Bí Alfa bá ti ṣàdúà tán níwájú ilé, ẹ̀yin ni kí ẹ gùn ún, kí Bọ̀dá Mùfú fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn yín.

Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí i. Yóò fún ẹ̀yin àti Ìyá ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle, kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé. Ẹ bá mi kí Àǹtí Ràbí, ẹ ní igi obì wọn kò ní wó. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá, láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbá yín, kíkí aláìsàn ni gbogbo wa ń kí yín. Èmi ti dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Àrokobọ́dúndé o!

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù