Nọ́ọ̀sì Ní Kí N Jáde Síta

Lakowe,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Oyinkọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní VGC? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣí géètì fún yín ńkọ́? Bí o ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́, o kò ní pàdé aburú, ilé kò ní lé ọ, ọ̀nà kò ní nà ọ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹja ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀sà, àmọ́ àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gọ́ọ̀fù kò jẹ́ kí adìẹ mi sinmi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, tíṣà wa ní kíláàsì àgbà kàn bá mi fi àmì sí i ni.

Fóònù ló jẹ́ kí n kọ ọ́. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, mo gbọ́ ọ, mo kí ọ padà, mo bèèrè àwọn ọmọ, o kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni o ń bá lọ. Mo rò pé inú ń bí ọ sí mi ni, àfi ìgbà tí Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ rẹ ní bí mo bá kígbe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ohùn yẹn kò lè gbọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ Fẹ́yìsayọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí òun àti Tolúwani, ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ti wá sọ́dọ̀ mi ni kò ti jẹun dáadáa. Ìwọ ní kó lọ fi ìfètò-sọ́mọ-bíbí ọlọ́dún márùn-ún sí apá kó lè parí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní bí ó bá fọwọ́ kan irú rẹ̀, ilé ọmọ rẹ̀ yóò tì pinpin. Láńre ọkọ rẹ̀ ní ohun tí ìyàwó òun bá fẹ́ ni òun fẹ́, ó sì sá lọ síbi iṣẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò wọlé, ẹ̀rù oyún sì ń bà á débi pé bí Láńre bá wá kí i, ṣe ni yóò gbé ọmọ sáyà bí asà. Láyé tiwa, obìnrin tó bá bímọ yóò padà sílé ìyá rẹ̀ títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú, ìfètò-sọ́mọ-bíbí tiwa nìyẹn. Ọkọ òde òní kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ ni. Mo wọ aṣọ mi, èmi àti Fẹ́yìsayọ̀ wọ ọkọ̀ kòrópe lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́nà Ajah.

Nọ́ọ̀sì Ràhmát pàtẹ ọjà rẹ̀ síwájú wa: rọ́bà, oògùn bíi súìtì, abẹ́rẹ́ kékeré, igi tín-ín-rín bí ìṣáná, àti ohun kan bí ìwọ̀ ẹja tí kò lẹ́nu. Mo ní kó dín owó igi náà kù, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo bèèrè bí wọn yóò ṣe máa ṣáàjì rẹ̀ nínú apá bí kò bá sí iná, ó ní kò nílò iná. Igi kan tún wà lórí tábìlì, mo bi í bóyá ọmọ odó ni, àṣé òun ni wọ́n fi ń kọ́ni bí ọkùnrin ṣe ń wọ rọ́bà. Ṣe ni Fẹ́yìsayọ̀ fi ìborùn bojú.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi ọmọ rẹ ní èyí tó fẹ́, èmi ni mo dáhùn. Ìwọ náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe níbi ìdána rẹ̀, àgbà ní í gbẹnu sọ fún ìyàwó. Mo ní èyí tó ń wọ apá ni a fẹ́. Nọ́ọ̀sì tún kọjú sí i, mo tún dáhùn. Ó bèèrè bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń wá, mo dáhùn ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ n kò mọ̀ ọ́n. Ló bá ní ṣé Màmá ni yóò lò ó ni, kí n jọ̀ọ́ lọ jókòó síta, atẹ́gùn wà níbẹ̀. Mo jáde tìbínú-tìbínú. Mo bá Alhaja Sìlífátù kan lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n sún mọ́bí, wọ́n ti lé òun náà jáde nítorí ìyàwó ọmọ òun. A jọ jẹ ẹ̀pà, a bú nọ́ọ̀sì díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín Fẹ́yìsayọ̀ láti inú yàrá. Àbẹ̀kẹ́, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tó ti dé. Ìbínú mi rọ̀ wọ̀ọ̀.

Abẹ́rẹ́ kékeré olóṣù mẹ́ta ló mú, èyí tí wọ́n kọ́ ọ láti máa fi gún ara rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé kì í ti ilé ọmọ pa, pé nǹkan oṣù lè dàrú, pé bí òun bá dá a dúró oyún lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, pé bí kò bá bá òun lára mu, kí òun padà wá pààrọ̀. Mo ní ọlọ́dún márùn-ún ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ní òun gbọ́ ti Mọ́mì, òun gbọ́ ti ìyá Láńre, ṣùgbọ́n èyí tí yóò wà lọ́wọ́ òun ni òun fẹ́. Mo ní ó dáa. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó jẹ ẹ̀bà, ó tún bèèrè bóyá ẹja kù.

Nítorí náà, má ṣe bá a jà. Bí o bá pè é, bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí, kí o sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Ó ti sọ fún Láńre fúnra rẹ̀, ìyẹn dúpẹ́. Fi ìyá Láńre sílẹ̀ fún mi.

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà funfun tí yóò wọ̀ lọ sílé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, àti díẹ̀ fún awò ojú mi. Má fi sí báǹkì o. Ọmọbìnrin tó ń bá mi tọ́jú owó níbẹ̀ ti lọ bímọ, n kò fẹ́ dà á láàmú títí yóò fi lókun.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí, yóò dá Fẹ́yìsayọ̀ sí. Ọmọ tí yóò tẹ̀ lé Tolúwani, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá pè é ni yóò dé, kò ní yá jù, kò ní pẹ́ jù. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dúródọlá Odùbánjọ