Ìgò Áísìkirímù Tó Dé Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà

Ilé Ajíbádé,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
18 Nòfẹ́ńbà, 1957.

Bùrọ̀dá mi Ọlájídé,

Ẹ kú àárò ilé. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le ní Ìbàdàn, àti pé iṣẹ́ ọ́fíìsì kò tíì wọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ ó ti gbọ́ pé èmi Adéyínká ni mo sáré láti Ìkẹ́rẹ́ dé abà wa lọ́nà Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Máìlì mẹ́fà gbáko, n kò mí lẹ́ẹ̀mejì! Mo ya lọ́rì méjì sílẹ̀ lórí òkè. Àgbọ̀nrín kan rí mi, ó yà fún mi lọ́nà.

Ohun tó fà á rèé. Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì tó ń ta aṣọ lẹ́bàá ọjà ra fìríìjì tó ń fi kẹrosíìnì ṣiṣẹ́. Ní Sátidé ìkórè, ó po mílíìkì inú agolo mọ́ ṣúgà, ẹyin àti omi odò tí wọn kò sè, ó sọ ọ́ di áísìkirímù. Ó tutù débi pé eyín ń ro àwọn àgbà tí kò léyín lẹ́nu mọ́.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun tuntun kì í wọ ulé wa kí Ìyá Àgbà má tọ́ ọ wò. Màámi kò fi ahọ́n kan tirẹ̀. Ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó fi rán ẹni tó ń lọ sóko sí i ní abà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ti yọ́ di omi, àmọ́ áísìkirímù náà ṣáà ni.

Kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́, àwọn tó jẹ ẹ́ ti ń du ṣáláńgá mọ́ra wọn lọ́wọ́. Hannah, ọmọ tíṣà, kò lè dìde mọ́. Wolé-wolé dé, ó ti fìríìjì pa, ó ní kí wọ́n lu agogo yí ìlú ká: ẹni tí tirẹ̀ bá kù, kó gbé e wá. Ìgò mẹ́tàdínlógún ló jáde! Wolé-wolé dorí mú: "Ṣé àgbo ni Fáníyì ń tà fún yín ni?" Ìyá kan dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá, ọkọ mi wà lóko. Ṣé kí n dá a jẹ ni?"

Màámi káwọ́ lérí. Ó tì mí jáde: "Yínká, sáré! Má dúró kí ẹnikẹ́ni. Ní kí wọ́n dà á nù!"

Bùrọ̀dá, Ìyá Àgbà kò tíì mu ún láti Sọ́ńdè. Moses, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, àti àwọn méjì mìíràn ń ká kòkó lódìkejì odò, Ìyá Àgbà sì ní kí àwọn ará ulé dé ná. Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ni wọ́n dé, tí wọ́n pín in. Nígbà tí mo wọlé, Moses ń fi ìka nu ẹnu ìgò. Ìyá Àgbà wò mí, ó ní, "Ẹ fún ọmọ mi lómi, ó ti sáré jù."

Àwọn ọkùnrin náà bì, wọ́n yè é. Ìyá Àgbà kò yè é. Ìdájí Wẹ́sìdeè ló dákẹ́.

Lánàá, pásítọ̀ ní kí n dìde láàárín ìjọ. Ó ní ẹsẹ̀ mi yá, ikú ló yá jù mí lọ. Bàbá wa di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. N kò lè gbójú sókè.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún fi irú ìròyìn báyìí kíra wa. Kó ṣọ́ àlọ yín, kó ṣọ́ àbọ̀ yín.

Èmi ni àbúrò yín,
Adéyínká.

Mo tún ní: Bùrọ̀dá, ẹ má ka èyí sí ẹnikẹ́ni létí. Kò sí àgbọ̀nrín. Kò sí lọ́rì tí mo yà sílẹ̀. Àárọ̀ ni agogo dún. Garéèjì ni mo dúró sí títí oòrùn fi yẹ àtàrí, mo ń sọ fún àwọn ọmọ ibẹ̀ pé èmi ni igbákejì wolé-wolé, wọ́n sì ń kan sáárá sí mi. Nígbà tí mo dé odò, mo bu omi sórí kí wọ́n lè rò pé òógùn ni. Máìlì mẹ́fà nìkan ni òótọ́ ibẹ̀. Mo rìn ín ni.